Ìtọ́jú Ọpọlọ, àti Ẹ̀bi Tí A Ń Dì Ru Arúgbó



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé wa lọ́kàn, a kò sì fẹ́ kí oṣù yìí kọjá kí a tó sọ ọ́ jáde. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí a kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà kan wà, tí ó ti ń tajà ní ìsọ̀ kan náà láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ní ọjọ́ kan ó jáde nílé, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó ń bèèrè ọkọ rẹ̀ tí a ti sin láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ọmọ tí ó bí. Ó gbé ìkòkò kaná, ó sì gbàgbé pé òun gbé e kaná. Bí ó bá wá ṣìnà dé àdúgbò tí a kò ti mọ̀ ọ́n, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé e, àwọn àgbà a gbá jọ, ẹnìkan a sì kígbe pé àjẹ́ ni. Ohun tí ń tẹ̀lé irú igbe bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Òkúta ni nígbà mìíràn. Igi ni nígbà mìíràn. A sì ti gbọ́ ibi tí ó gbé jẹ́ iná.

Àwọn mìíràn sì wà, àwọn tí wọ́n kàwé, tí wọn kò gba ọ̀rọ̀ àjẹ́ gbọ́ mọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í sọ òkúta. Ṣùgbọ́n wọn a máa wí jẹ́jẹ́ láàárín ara wọn pé, "Kò tọ́jú ara rẹ̀ ní ìgbà tí agbára wà. Kò jẹun bí ó ti yẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á." Bí ẹ bá wò ó dáradára, ẹ ó rí i pé ìdájọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dá, èyíinì ni pé arúgbó náà jẹ̀bi. Àwọn ti ìṣáájú fi òkúta dá a, àwọn ti ìkẹyìn fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá a.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: bí iyè ènìyàn bá rá, ta ni ó jẹ̀bi? Bí a bá sì dáhùn pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi, a ha tún lè wí pé ojúṣe wa ni láti tọ́jú ọpọlọ wa bí? Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ohun méjèèjì kò lè dúró pọ̀. Wọn a ní, bí ìtọ́jú bá ń ṣe ọpọlọ ní rere, a jẹ́ pé ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ kò tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sì jẹ̀bi, a jẹ́ pé ìtọ́jú kò ní láárí. Àwa gbàgbọ́ pé ìrònú yìí wọ́, a ó sì gbìyànjú láti fi ibi tí ó gbé wọ́ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà kò tó kílò kan àtààbọ̀. Bí a bá pín ìwọ̀n ara ènìyàn sí ọ̀nà 50, ọpọlọ kò ju nǹkan bí ọ̀nà kan lọ. Síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara, ọpọlọ nìkan ni ó ń gba nǹkan bí ọ̀nà kan nínú 5. Ó dàbí ọmọ kan nínú ilé tí ń jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ni alábàárù tí ń gbé oúnjẹ náà tọ̀ ọ́ wá. Bí ọ̀nà alábàárù bá dí, ebi ni yóò pa onílé. Nítorí èyí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fi jẹ́ ọ̀tá ọpọlọ. Gbogbo ayé ni ó ń rí i nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín a máa dí níkọ̀ọ̀kan nínú orí, láìsí ìrora, láìsí ariwo, títí ọdún mẹ́wàá tàbí ogún yóò fi kọjá, tí a óò wá máa wí pé ọjọ́ ogbó ni. Àrùn kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ ju èyí lọ, tí a fi orúkọ Alois Alzheimer pè, oníṣègùn ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1906. Nínú àrùn yìí àwọn èérí kan a máa kó jọ sínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, a sì máa pa á díẹ̀díẹ̀, iyè ni a sì sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni a ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní 1992 àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn arúgbó àdúgbò Ìdíkàn wò láti ojúlé dé ojúlé. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹsí, wà nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tí ó sì papòdà ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn mìíràn ń bá a lọ. Ẹni tí ó ti pé ọdún 65 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń yẹ̀wò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fi ń yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní ìlú Indianapolis, àwọn tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, tí wọ́n sì mú ọjọ́ orí dọ́gba, wọ́n rí i pé nínú 100 arúgbó Ìdíkàn, àwọn tí àrùn iyè rírá ń bá jà kò ju 2 àti díẹ̀ lọ. Ní Indianapolis wọ́n lé ní 8. Wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọdún 2 àti lẹ́yìn ọdún 5, láti mọ iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 wí pé nínú 100 ènìyàn ní ọdún kan, ó mú 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì mú 3.24 ní Indianapolis, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun àjogúnbá kan tilẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí a mọ̀ pé ó ń fa àrùn Alzheimer mọ́ra ní Amẹ́ríkà. A rí i lára àwọn ará Ìdíkàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lára wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn oníṣègùn náà kò wí pé ohun kan ṣoṣo ni. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìsanrajù kò pọ̀ ní Ìdíkàn bí ti Indianapolis. Oúnjẹ àwọn àgbà Ìdíkàn ìgbà náà ni ọkà, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹja díẹ̀. Ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ti Indianapolis fúnra wọn, àwọn tí a tọ́ ní ìgbèríko, tí ẹ̀kọ́ wọn sì kéré, ni ewu àrùn náà pọ̀ fún jùlọ.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Àwọn àgbà Ìdíkàn ha yẹ fún ìyìn nítorí ọpọlọ wọn tí ó pé bí? Ta ni nínú wọn tí ó rìn lọ sí ọjà kí iyè rẹ̀ má baà rá? Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nítorí pé kò sí ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹran díẹ̀ nítorí pé owó ẹran kò sí. Wọ́n bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbé nínú agbolé nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbé láti ìran dé ìran. Ìlú ni ó fún wọn ní ìwà náà. Wọn kò yàn án. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a kò lè yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò yàn, báwo ni a óò ṣe dá àwọn ti Indianapolis lẹ́bi? Ṣé àwọn ni wọ́n yan ilé ẹ̀kọ́ tí kò dára tí a fi ọmọ aláwọ̀ dúdú sí ní ìgbà èwe wọn? Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa ìlú méjì jẹ́ òtítọ́ nípa ìyá kan tí ó ṣìnà nínú ọjà pẹ̀lú.

Ní 2024 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan kọ ìròyìn sínú ìwé àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet. Wọ́n ka ohun 14 tí ń ba ọpọlọ jẹ́ tí a sì lè dí lọ́nà. Àwọn náà ni: àìkàwé tó ní ìgbà èwe, etí dídi, ojú tí kò ríran dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ìsanrajù, ìjókòó lójú kan, tábà, ọtí àmujù, ìfarapa orí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àdágbé, àti afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, bóyá a ó dí nǹkan bí 45 nínú 100 àrùn iyè rírá lọ́nà tàbí kí a fà á sẹ́yìn.

Ẹ bá wa ka iye tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn. Ọmọ ọdún méje ha ni ó ń rán ara rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí? Obìnrin tí èéfín igi ìdáná ti ń fọ́ lójú láti kékeré, òun ha ni ó yan afẹ́fẹ́ náà? Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá tí ń di ènìyàn létí ní ìsọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó gun ọ̀kadà tí a kò fún ní akoto? Arúgbó tí ó ń dá gbé nítorí pé gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó àti London? Tábà àti ọtí, a gbà pé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọ́n sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ ṣòro. Ṣùgbọ́n nínú ìyókù, ọwọ́ òbí wà níbẹ̀, ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀, ọwọ́ aládùúgbò sì wà níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé 55 tí ó kù nínú 100. Àwọn kan wà tí kò mutí, tí kò mu tábà, tí wọ́n rìn, tí wọ́n sùn, tí wọ́n kàwé dọ́jọ́ alẹ́, síbẹ̀ iyè wọn rá. Ta ni yóò sọ fún irú wọn pé wọ́n jẹ̀bi?

Bí a bá fẹ́ rí i kedere pé ìtọ́jú ọpọlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń lé tìróò sí ọmọ lójú kí ojú rẹ̀ lè mọ́ kedere. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ ọmọdé. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Zamfara mọ agbára òjé ní 2010, nígbà tí ó pa ó kéré tán 400 ọmọdé ní àwọn ìletò tí a ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú agbolé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn wóró funfun olóòórùn tí a ń kó sí àárín aṣọ nítorí kòkòrò, tí àwọn kan ń pè ní kàfúrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè gba òórùn rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ bẹ́ẹ̀ wé wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn a fọ́, ojú àti ara wọn a pọ́n rúsúrúsú, bí a kò bá sì tètè gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ohun pípọ́n náà a wọ ọpọlọ lọ, a sì sọ ọmọ di adití tàbí arọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìfẹ́ ni ìyá fi lé tìróò. Ìfẹ́ ni ó fi kó aṣọ ọmọ pamọ́. Kò jẹ̀bi, nítorí pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ̀, tí a kò sọ fún un, kí ni a ó pe ara wa?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ní 1960 oníṣègùn ọpọlọ kan, Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná, tí ojú ń rẹ̀, tí wọ́n ń ka ìwé tí kò sì yé wọn mọ́. Àwa tí a ti tọ́ ọmọ mọ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn irú rẹ̀: ìrètí odidi ẹbí tí a gbé ka orí ọmọ kan, tí òun náà sì ń fi kọfí àti oògùn lé oorun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú oorun gan-an ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ ní ọ̀sán sí àyè rẹ̀. Ẹni tí kò sùn dàbí àgbẹ̀ tí ó kórè, tí kò sì kó o wọ àká.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ẹ bá ti mú ẹ̀bi kúrò báyìí, ẹ ti mú ìdí tí ènìyàn yóò fi tọ́jú ara rẹ̀ kúrò." Rárá o. Ẹ̀yìn ni ẹ̀bi ń wò. Iwájú ni ojúṣe ń wò. Ẹni tí òjò ba ilé rẹ̀ jẹ́ ní èṣí kò jẹ̀bi òjò, ṣùgbọ́n ojúṣe rẹ̀ ni láti bo òrùlé kí òjò ọdún yìí tó dé, ojúṣe aládùúgbò sì ni láti bá a di àkàbà mú. Ojúṣe kò nílò ẹ̀bi kí ó tó dìde; ìmọ̀ ni ó nílò. Lọ́jọ́ tí a mọ̀ ni gbèsè bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ nìkan kò sì tó. Ní Finland wọ́n mú ènìyàn 1,260, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 77, tí ewu iyè rírá wà fún. Wọ́n fún apá kan ní ìmọ̀ràn lásán. Apá kejì ni wọ́n bá rìn fún ọdún méjì: a kọ́ wọn ní oúnjẹ, a bá wọn ṣe eré ìdárayá, a fún wọn ní iṣẹ́ tí ń mú ọpọlọ jí, a sì ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn lóòrèkóòrè. Èsì tí ó jáde ní 2015 fi hàn pé ọpọlọ àwọn tí a bá rìn ṣe dáadáa ju ti àwọn tí a gbà ní ìmọ̀ràn lásán lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí ìmọ̀ràn kò wọ́n lẹ́nu wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan díẹ̀ lọ sílé. Èkíní, kí gbogbo ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ẹni tí a bá fún ní oògùn má sì ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá a. Àrùn yìí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Èkejì, kí a máa rìn, kí a sì dín iyọ̀, ṣúgà àti ọtí kù. Ẹ̀kẹta, bí iyè àgbà kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, kí a má ṣe gbé e lọ sí ibi tí a óò ti nà án kí ó lè jẹ́wọ́. Ibà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó oúnjẹ kan nínú ẹ̀jẹ̀, àní oògùn tí ó ń lò pàápàá, lè dà á láàmú, àwọn wọ̀nyí sì ṣeé wò. Ní Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ti wà ní UCH láti 2012. Ẹ̀kẹrin, bí etí àgbà bá di, kí a wá ohun tí yóò fi gbọ́ràn. Nítorí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, ọpọlọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ a sì máa sùn lọ.

Àwa tí ń kọ ìwé yìí kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìpàdé kan wà tí a ti ń jókòó pẹ̀lú baba àgbàlagbà kan, tí ó jẹ́ akọ̀wé wa nígbà tí a kò tíì mọ bí a ti ń kọ ìwé ìpàdé. Ní ọjọ́ kan ó bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta a wo ara wa lójú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin a rẹ́rìn-ín. Baba rí i. Kò wá sí ìpàdé mọ́. Kò sí ẹni nínú wa tí ó lọ wò ó títí oṣù mẹ́ta fi kọjá, nígbà tí a sì lọ, kò mọ orúkọ wa mọ́. A kò wí pé ẹ̀rín wa ni ó fa àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé lára ohun 14 tí àwọn onímọ̀ kà, ọwọ́ wa ni a fi dì ọ̀kan lé e lórí, èyíinì ni àdágbé.

Àwọn baba wa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn kò wí pé kí a kọ́kọ́ ṣèwádìí bóyá òkété náà jẹun dáadáa ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa ronú kan arúgbó kan tí a kò rí níta mọ́. Kí a lọ kàn án lára. Kí a jókòó tì í, kí a bèèrè ìtàn tí ó ti sọ fún wa nígbà ogún, kí a sì gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé e, kí a bá a rìn dé ìdí igi tí ó wà níwájú ilé, kí a sì bá a rìn padà, kí ó má baà ṣìnà.